Ojú Tí Osùn Bò

Oòrùn tó ń ràn l'Ọ́kà Àkókó kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn ìlú mìíràn. Orí àpáta ni ìlú náà wà, àpáta náà kò sì lójú àánú: ohun tí oòrùn bá jù sí i láti òkè, ṣe ni yóò tún jù ú padà sókè, tí ẹni tó bá dúró láàárín á máa yan níwájú yan lẹ́yìn bí ẹja. Tó bá di oṣù kejì ọdún, aláǹgbá tó fẹ́ sọdá àpáta níbẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ méjì sókè, á fi méjì tó kù dúró, á wá máa pààrọ̀ wọn bí ẹni tí ìlù wọ̀ lára. Adìyẹ kan yé ẹyin síbẹ̀ lọ́dún kan, kó tó yíjú padà, ẹyin ti dín. Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó lọ bi adìyẹ.

Inú oòrùn yìí ni Ìyátúndé bí ọmọbìnrin àfín sí, ní Ìwàrò-Ọ̀kà, ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ọmọ náà funfun débi pé nígbà tí agbẹ̀bí gbé e sókè, ó kọ́kọ́ wo fèrèsé bóyá ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé. Wọ́n sọ ọ́ ní Olúwanífẹ́mi, ìyá rẹ̀ gé e kúrú sí Nífẹ́mi. Bàbá ọmọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ń lọ ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì n'Íkàrẹ́. Bátìrì ọ̀hún kò tíì délé títí di òní. Bóyá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Nígbà tí Nífẹ́mi pé oṣù mẹ́ta, ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n lọ sóko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ọ̀bà. Ó dé fìlà fún un, ó fi ọ̀já bò ó dé ọrùn, ó gbàgbé ojú. Kí wọ́n tó padà délé nírọ̀lẹ́, ojú ọmọ ti pọ́n bí ata, etí ti wú, awọ imú ti lé ròrò. Ẹkún tí ọmọ náà sun lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní Ṣúpárè, àwọn ará Ṣúpárè sì bi ara wọn pé ta ló kú.

Ìyá Ìyátúndé ló dìde. Arúgbó náà ti ń yọ àdí ẹ̀yan láti ìgbà tí àwọn igi ọ̀pẹ Ọ̀kà ti ń rákò. Ó bu òrí, ó bu àdí àgbọn lé e, ó fa omi yíyọ̀ inú ewé etí erin jáde, ó kán oyin díẹ̀ sí i, ó wá lọ osùn lórí ọlọ títí ó fi kúnná bí àtíkè. Ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò fi ọwọ́ kan ojú ọmọ. Ìyẹ́ adìyẹ tó rọ̀ ló fi ń tẹ́ ẹ sí i, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ dákẹ́. Ó sùn. Ó sùn débi pé Ìyátúndé ń gbé etí lé e nímú ní wákàtí wákàtí bóyá èémí ṣì ń jáde.

Oorun ọjọ́ yẹn ló di ìgbàgbọ́ Ìyátúndé. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi lóòótọ́, ó sì ń sọ àmín ju bí pásítọ̀ ṣe ń gbàdúrà lọ, ṣùgbọ́n ohun tó gbà gbọ́ wọ mùdùnmúdùn eegun ni ìkunra.

Arúgbó náà fi òfin kan lé e lọ́wọ́ kó tó kú. A kì í nu ìkunra kúrò. Èyí tó bá gbẹ, tuntun ni à ń lé lórí rẹ̀, títí awọ abẹ́ rẹ̀ yóò fi san, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì ré bọ́ fúnra rẹ̀ bí èèpo igi. "Ẹni tó ń ṣí ìkòkò wò nígbà gbogbo," arúgbó ní, "ooru ni yóò jẹ, kò ní í jẹ iṣu."

Ká má parọ́, ìkunra náà ń ṣiṣẹ́. Bíríkìlà tí oòrùn sun lẹ́yìn ọrùn, àgbẹ̀ tí èjìká rẹ̀ ń bó, ọmọ yunifásítì Àkùngbá tó fi ìpara tó ń bóra ṣí awọ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí oòrùn wá rí àyè wọlé jókòó, gbogbo wọn ń rà á, gbogbo wọn ń fi pa ara, ara ń tù wọ́n. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin awọ wọn á rọ̀, ooru ara á lọ. Ohun tó ń tu awọ tí oòrùn ti jó nínú ni. Kì í ṣe ohun tó ń dá oòrùn dúró. Àárín ohun méjèèjì yìí ni kòtò wà, inú kòtò yẹn gan-an sì ni Ìyátúndé tẹ́ ẹní ọjà rẹ̀ sí.

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà n'Íkàrẹ́, Ìyátúndé á ṣí agboòrùn ńlá aláràbarà kan. Àwọn igbá ìkunra á wà lábẹ́ rẹ̀ kí òrí má baà yọ́. Nífẹ́mi ni kì í sí lábẹ́ rẹ̀. Orí àpótí kan níta gbangba ni wọ́n ń gbé e kà, níbi tí oòrùn ti lè rí i dáadáa, osùn pupa lójú, osùn lọ́rùn, osùn lápá méjèèjì, bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń pẹ́ dé.

"Ẹ wá wò ó!" Ìyátúndé á figbe ta. "Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ugbe, ẹ wá fojú ara yín rí i! Àfín rèé o, àfín tòótọ́, kì í ṣe pé mo fi ẹfun kùn ún! Láti aago mẹ́jọ ló ti wà nínú oòrùn. Ṣé ó ń jó? Ṣé ó ń sunkún? Ìkunra tí ẹ rí yìí, mo fi pa àpáta ẹ̀yìnkùlé mi, nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọwọ́ la fi ń bù ú, a fi jẹ ọbẹ̀!"

"Ìyá Oníkunra, irọ́ yín yìí mà ti sanra ju erin lọ o," ẹnìkan á dáhùn.

"Erin wo? Erin tó wá ra igbá méjì níjẹta? Ó ń dán débi pé àwọn ọlọ́dẹ rò pé mọ́tò ni, wọ́n ń dá a dúró pé kó gbé àwọn!"

Ọjà á bú sẹ́rìn-ín. Nífẹ́mi náà á rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á di pátápátá, nítorí oòrùn kì í jẹ́ kó là á. Wọ́n á rà á. Ìkunra á tán kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Ẹnu Ìyátúndé yìí lè ta irun fún apárí, kí apárí sì tún padà wá ra òòyà.

Ní ọdún tó kọjá, nǹkan bí oṣù kẹta, kókó kékeré kan yọ níwájú etí òsì Nífẹ́mi, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ó di egbò. Ìyátúndé lé ìkunra lé e. Ó gbẹ. Ó lé òmíràn lé e. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, kò ré bọ́. Ìyátúndé kò kà á sí; egbò tó bá jìn, ó máa ń pẹ́.

"Etí yẹn ńkọ́?" á bèèrè láàárọ̀.

"Ó ti ń san, Màámi."

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí rárá."

Ohun tí Ìyátúndé fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ó sì gbọ́ ọ. Ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni ọmọ náà ń fi sùn. Ó rí i pé ó ti ń jí ṣáájú òun, pé kí òun tó la ojú, á ti mú ìyẹ́, á ti pa osùn òwúrọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó gbọ́n ni, Ìyátúndé sọ nínú ara rẹ̀. Nígbà tó di àsìkò òjò, Nífẹ́mi ní kí wọ́n máa gún ewé efinrin sínú ìkunra, pé òórùn rẹ̀ dára. Wọ́n gún un sí i. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Ìyátúndé yin ọmọ rẹ̀ kárí ọjà, ó ní ọgbọ́n orí rẹ̀ pọ̀ débi pé bí wọ́n bá là á, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Àkùngbá á tò síbẹ̀ pẹ̀lú garawa.

Ọmọ Ugbe kan wà tó ń jẹ́ Uthman, ọlọ́kadà ni. Apá rẹ̀ méjèèjì ni oòrùn ti bó tán lórí ọ̀nà kó tó bá ìkunra Ìyátúndé pàdé. Ara rẹ̀ san, láti ìgbà náà ló ti ń gbé Nífẹ́mi láti Ọ̀kà wá sọ́jà, tí Ìyátúndé á wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹrù. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ìkunra nìkan ló ṣe ń gbé e.

Ní ọjọ́ ọjà kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Uthman wá bá Ìyátúndé lábẹ́ agboòrùn, ó di jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá.

"Màmá, ẹ kú ọjà."

"Uthman ọmọ Ugbe! Wo apá ẹ bó ṣe ń dán, èèyàn lè fi fá irùngbọ̀n! Bọ́ síta, wá fi han àwọn oníbàárà."

Uthman kò rẹ́rìn-ín. Ó tú jákẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ibi èjìká jákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún hàn án. Àmì kan wà níbẹ̀, ó pọ́n, àyíká rẹ̀ sì dúdú.

"Osùn ni," Ìyátúndé ní. "Lọ fọ̀ ọ́. Ṣé osùn ló wá fẹ́ pa ọ́ ni?"

"Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá. Osùn ń lọ. Ohun tó wà lábẹ́ osùn ni kò lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni. Tí oorun bá ń kun Nífẹ́mi lórí ọ̀kadà, á gbé orí tì mí léjìká, ibi tí etí ẹ̀ bá ti kàn mí ló máa ń rí báyìí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àti pé, Màmá, ẹ má bínú. Wallahi, ó ń rùn."

Ìyátúndé wò ó. Nǹkan kan sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, bí òkúta tó bọ́ sínú kànga. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó sì pariwo kó má baà gbọ́ ìgbà tó máa kan omi.

"Kí ló ń rùn? Ọmọ mi? Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ọlọ́jà! Ìwọ, Uthman, tó jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ ẹ nìkan ló ń dá mọ́tò dúró lójú pópó! Ìwọ tí o bọ́ bàtà n'Ugbe, tí ẹyẹ ń já bọ́ láti ojú ọ̀run n'Íkàrẹ́! Ìwọ ló mọ òórùn?"

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Uthman dúró.

"Màmá, ẹ bú mi dọ́la. Ẹ ṣáà fọ osùn yẹn kúrò, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"A kì í nù ún!"

"Ta ló ní a kì í nù ún?"

"Ìyá mi!"

"Ṣé etí ìyá yín ni?"

Ìyátúndé gbé igbá sókè bí ẹni tó máa sọ ọ́. Uthman sún sẹ́yìn, ó wo Nífẹ́mi lórí àpótí. Ọmọbìnrin náà mi orí fún un, díẹ̀ péré, bí ẹni tó ń ní, jọ̀wọ́, dákẹ́. Ìyátúndé rí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ojú ló ń ti ọmọ òun nítorí ọlọ́kadà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nílé, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì pọ́n, ó pe Nífẹ́mi kó wá jókòó sí iwájú òun. Ó na ìka sí èèpo osùn tó wà lẹ́bàá etí náà. Ó ti nípọn bí ìyẹ̀fun tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹnu èèpo náà ti gbé sókè níbì kan. Èékánná lásán ló máa ṣí i. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀. Nífẹ́mi náà dúró, kò mí.

Ká ní Ìyátúndé ṣí i ní ìrọ̀lẹ́ náà! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Obìnrin tó lè fi ẹnu lé ẹkùn wọ ihò èkúté, ẹ̀rù èèpo osùn bà á. Ó mú ìyẹ́, ó lé tuntun lórí rẹ̀.

"Òfin ni òfin ń jẹ́," ó sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi," Nífẹ́mi dáhùn.

Ọjà tó tẹ̀lé e, oòrùn mú bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Obìnrin kan wá láti Ṣúpárè, Limota lorúkọ rẹ̀, ó ní igbá mẹ́wàá lòun fẹ́ kó lọ tà, ṣùgbọ́n òun kì í ra ológbò inú àpò, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò.

"Fọwọ́ kàn án!" Ìyátúndé fi ìgbéraga fà á lọ síbi àpótí. "Fọwọ́ kan ọmọ mi! Bí o bá rí ibi tó le lára rẹ̀, máa kó gbogbo igbá mi lọ lọ́fẹ̀ẹ́!"

Limota na ọwọ́, ó fọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Ó mi orí, ó dùn mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn díẹ̀ síhà etí òsì. Èèpo osùn náà dún, pẹ́ẹ́, bí ẹ̀pà gbígbẹ, ó sì bọ́ sílẹ̀ lódindi.

Limota wo ìka rẹ̀. Ó tú ìdí ìborùn rẹ̀, ó fi bo imú. Kò pariwo. Ó kàn ń sún sẹ́yìn, sẹ́yìn, títí ó fi kọlu oníṣòwò ẹ̀yìn rẹ̀. Efinrin inú ìkunra kò rí nǹkan ṣe sí òórùn náà mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wá, kò yára, ó ń rọra ṣàn wọ ọrùn Nífẹ́mi bọ́ sínú ẹ̀wù rẹ̀. Ọmọ náà kò gbọ̀n. Kò tilẹ̀ mọ̀. Ìgbà tó rí ojú àwọn ènìyàn ló tó gbé ọwọ́ sí ibẹ̀.

"Kò dùn mí, Màámi," ó ní kíákíá. "Ẹ má dààmú. Kò dùn mí."

Uthman ló gbé wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ọ̀kadà kan, Nífẹ́mi láàárín, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ìborùn tẹ etí náà.

Ní ilé ìwòsàn kan n'Íkàrẹ́, nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n wọlé ń jẹ́ Bísọ́lá. Ó wò ó, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ó kó òwú.

"Màmá, gbogbo osùn yìí gbọ́dọ̀ kúrò kí dókítà tó lè rí nǹkan."

"Èmi ni màá fọ̀ ọ́," Ìyátúndé ní.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, Màmá."

"Èmi ni mo lé e síbẹ̀."

Bísọ́lá gbé abọ́ fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ òwú, ó fi lé e, ó dúró, ó nù ún. Osùn náà ń ká bọ́ ní ìpele ìpele, Ìyátúndé sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni ń mọ ọmọ. Èyí tó wà lókè, ti ọ̀sẹ̀ yìí ni. Èyí tó tẹ̀lé e, ti ìgbà ọdún Kérésì, tó fi oyin púpọ̀ sí. Èyí tó ní ewé wẹ́wẹ́ nínú, ti àsìkò òjò, ìgbà tí efinrin wọ̀ ọ́. Èyí tó dúdú díẹ̀, osùn tó rà lọ́wọ́ ará Kàbà ni, tó bá a jà nítorí kò kúnná. Ó ń ti ẹ̀yìn ọdún rìn padà. Omi abọ́ pọ́n, wọ́n dà á nù, wọ́n bu òmíràn. Ó dé ìsàlẹ̀.

Etí òsì ọmọ rẹ̀ kò pé mọ́. Ìdajì òkè rẹ̀ ti lọ. Osùn ló ti ń ṣe etí láti ọjọ́ yìí wá. Ibi tó yẹ kí ìdajì náà wà, ihò kan ló là síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ le, ó ṣe págunpàgun bí ẹnu àgbá tó dípẹtà, ó sì lọ sílẹ̀ síhà àgbọ̀n. Lábẹ́ rẹ̀, nínú ọrùn, kókó mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn.

Ìyátúndé, tó ti ta ìkunra fún erin, wá àsọdùn kan sọ, kò rí. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ tóbi tó bó ṣe tóbi.

"O mọ̀," ó sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Mo mọ̀, Màámi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn." Nífẹ́mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo máa ń fi ìka wò ó tẹ́ ẹ bá ń sùn. Mo wá ń fi osùn dí i láàárọ̀ kí ọ̀rinrin má baà yọ síta."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

Ọmọ náà gbé ojú kúrò lára ọwọ́, ó wo ìyá rẹ̀.

"Gbogbo ọjà ń wò mí, Màámi. Ẹ máa ń sọ fún wọn pé èmi ni ẹ̀rí. Tí ẹ̀rí bá bàjẹ́, kí lẹ máa wá tà? Mo rò pé tí mo bá rọ́jú díẹ̀ sí i, á san, kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

Bísọ́lá yíjú sí ògiri, ó ń to àwọn ìgò tí wọ́n ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.

Dókítà Ìkàrẹ́ kò pẹ́ rárá lórí rẹ̀. Ó kọ̀wé, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá l'Ọ́wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Uthman lọ wá mọ́tò. L'Ọ́wọ̀, wọ́n gé ìyókù etí náà, wọ́n gé nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n mú nínú kókó ọrùn lọ yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ìyátúndé fi sùn lórí ẹní lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Àwọn aláìsàn yòókù rò pé odi ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dókítà kan pè é síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dàgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù.

"Màmá, jẹjẹrẹ awọ ara ni. Oòrùn ló fà á. Àwọn àfín kò ní ohun tí àwa ní lára tó ń dáàbò bo awọ."

"Ṣé ìkunra mi ló ṣe é?"

"Rárá. Mi ò sọ pé ìkunra yín kò dára. Ó ń tu ara tó ti jó. Ṣùgbọ́n ibòji ni ọmọ yìí nílò, fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀wù alápá gígùn. Ìkunra kì í dá oòrùn dúró. Àti pé ká ní a rí i nígbà tó ṣì wà bí ẹyọ ẹ̀wà, wákàtí kan là bá fi gé e kúrò, kó padà sílé lọ jẹ iyán."

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Ó ti kọjá ọrùn, Màmá. Ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. A lè ṣe é kó má jẹ ìrora púpọ̀. Mi ò fẹ́ tàn yín. Mi ò rò pé ó máa rí ọdún tuntun."

Ìyátúndé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn ń ṣe. Ó dìde, ó rìn padà.

Nífẹ́mi ti jí. Báńdéèjì funfun yí orí rẹ̀ ká. Wọ́n ti fọ gbogbo osùn ara rẹ̀ tán, Ìyátúndé sì ń rí ojú ọmọ rẹ̀ gan-an bó ṣe rí. Ojú náà kéré. Àmì pàtapàta dúdú kún un, awọ imú ti hun, ètè là níbi méjì, bí ojú àgbàlagbà tí wọ́n gbé sórí ọrùn ọmọdé. Ibi tó dán kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Kí ni dókítà sọ?" Nífẹ́mi bèèrè.

Ìyátúndé jókòó. Ẹnu rẹ̀ là. Gbogbo ohun tó ti tà rí tò sí ẹ̀yìn eyín rẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wí pé òun ni kó mú. Ó ti tán. Ó ti ń san. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ti wà nílé. Ọmọ náà á gbà á gbọ́. Bí kò bá tilẹ̀ gbà á gbọ́, á ṣe bí ẹni pé ó gbà.

"Ṣé wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ tán?"

"Wọn ò gé e tán, Nífẹ́mi. Ó ti wọ inú lọ."

"Ṣé ó máa pa mí?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

Àyà Nífẹ́mi lọ sókè, ó rọra wálẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún ní ìdajì ọ̀nà.

"Ó ń dùn mí, Màámi," ó ní. "Ó ń dùn mí gan-an. Inú ọrùn, títí dé èjìká. Ó ti tó oṣù mélòó kan."

"Màá pe nọ́ọ̀sì."

Ó pè é. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, oòrùn ọ̀sán ti yí, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń gun bẹ́ẹ̀dì bọ̀ láti ìhà ẹsẹ̀. Kò sí kọ́tìnì lójú fèrèsé náà. Ìyátúndé rí i bó ṣe kọjá orúnkún, bó ṣe kọjá ikùn, tó ń bọ̀ lójú. Ó dìde. Ó tú ìró òkè rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án, ó lọ dúró sí ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí ìta.

Òjìji rẹ̀ bo bẹ́ẹ̀dì. Nífẹ́mi la ojú sílẹ̀ láìfún un pọ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀.

Obìnrin kan ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní, "Ìyá, àga wà níbí o. Apá á ro yín."

"Ẹ ṣeun," Ìyátúndé ní. Kò sún. Oòrùn Ọ̀wọ̀ ń jó o lẹ́yìn ọrùn. Oorun gbé ọmọ náà lọ, ìyá rẹ̀ sì dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ ẹ̀yìn òrùlé òdìkejì.